Ọlọ́pàá ìlú wa fẹ́ ra dróònù: kí ni ká bi wọ́n kí wọ́n tó rà á?

Àbẹ̀ní_Minnesota:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota ni mò ń gbé. Àwọn ọlọ́pàá wa ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìlú pé àwọn fẹ́ ra dróònù méjì, ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ní kámẹ́rà tí kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e sórí ìkànnì ìlú pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó wá sọ ọ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Gbogbo àlàyé tí wọ́n ṣe kò ju gbólóhùn kan lọ: fún ààbò ìlú àti fún wíwá ẹni tó bá sọnù. Ó tán.

Mi ò kórìíra ọlọ́pàá o. Àwọn náà ni mo pè nígbà tí wọ́n fọ́ gíláàsì ọkọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé wa làwọn ọmọ ti ń ṣeré, ibẹ̀ la ti ń ṣe ìkómọ, ibẹ̀ náà la ti ń gbàdúrà nígbà ooru. Mi ò fẹ́ kí fídíò gbogbo ìyẹn wà nínú kọ̀ǹpútà ẹni tí mi ò mọ̀. Ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni, kí n má lọ fi ara mi hàn wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kí n bi wọ́n? Ṣé dandan tilẹ̀ ni kí wọ́n dáhùn?

Àkànjí_Òfin:
Àǹtí Àbẹ̀ní, ẹ kú àmójútó. Ó dára tó jẹ́ Minnesota lẹ wà, torí òfin ibẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí le ju ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ. Láti 2020 ni wọ́n ti ṣe é, nọ́ńbà rẹ̀ ni 626.19. Ẹ wá a lórí ìkànnì àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ yín. Kò gùn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹ mú un dání lọ sípàdé.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí. Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kí wọ́n tó fò ó, àfi láwọn ìgbà tí òfin náà kà sílẹ̀, bí ìgbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu tàbí lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ lójú pópó. Wọn ò gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ tó ń dá ojú ènìyàn mọ̀ lórí rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Wọn ò gbọ́dọ̀ so ohun ìjà mọ́ ọn. Ohunkóhun tó bá yà, wọ́n ní láti pa á rẹ́ láàárín ọjọ́ 7, àyàfi tó bá jẹ́ ara ìwádìí ọ̀ràn tó ń lọ lọ́wọ́. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ròyìn fún ìpínlẹ̀ iye ìgbà tí wọ́n fò láìgba ìwé àṣẹ, àti ìdí tí wọ́n fi fò.

Nípa ìpàdé tí wọ́n pè yín sí, oore kọ́ ni wọ́n ń ṣe yín. Òfin náà ló ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu ará ìlú kí wọ́n tó rà á. Òun náà ló ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìlànà bí wọn yóò ṣe máa lò ó sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e sórí ìkànnì wọn, kí dróònù tó gbéra. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ rèé: ìlànà náà dà? Tí wọ́n bá ní àwọn ṣì ń kọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ tán ká jọ kà á ná.

Bàbá_Ìbejì:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi o. Ohio ni mo wà. Bàbá àgbà kan ládùúgbò wa tí iyè rẹ̀ ti ń ṣí jáde nílé lóru ọjọ́ òtútù. Dróònù ọlọ́pàá tó ní kámẹ́rà tó ń rí ooru ló rí i nínú igbó lẹ́yìn ilé ìwé. Ká ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi wá a, òkú rẹ̀ ni wọn ìbá bá. Hẹlikọ́pítà ń kọ́? Ìlú kékeré wo ló lówó hẹlikọ́pítà?

Gbogbo ìgbà lẹ máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọlọ́pàá ò níṣẹ́ méjì ju kó máa wo ọbẹ̀ yín lọ. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, kí ló ń bà á lẹ́rù?

Àkànjí_Òfin:
Bàbá, ẹ ṣeun. Òótọ́ lẹ sọ nípa bàbá àgbà yẹn, òfin Minnesota ò sì ní kí wọ́n fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀mí wà nínú ewu ni, kò sí adájọ́ tí wọ́n ní láti kọ́kọ́ lọ jí.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín ni ti "ẹni tí kò ṣe nǹkan kan". Ẹ wo bí òfin àpapọ̀ ṣe fẹ́lẹ́ tó. Ní 1986, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ ọkùnrin ará California kan tó mọ ọgbà gíga yí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ká. Ọlọ́pàá gbé bàlúù kọjá lókè ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n sì rí igbó mímu (marijuana) tó gbìn. Ilé ẹjọ́ ní kò pọn dandan kí wọ́n gba ìwé àṣẹ, torí ẹnikẹ́ni tó bá ń fò kọjá lè rí i. Ní 1989, wọ́n sọ irú rẹ̀ nípa hẹlikọ́pítà tó fò ní 400 ẹsẹ̀ bàtà ní Florida. Bàlúù tó ń gbówó lórí, tó ń pariwo, tó nílò awakọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó ronú kan ohun tí ènìyàn lè gbé sínú báàgì.

Ilé ẹjọ́ náà ti fà á sẹ́yìn díẹ̀ láti ìgbà náà. Ní 2001, wọ́n ní ọlọ́pàá ò gbọ́dọ̀ dojú ẹ̀rọ tó ń rí ooru kọ ilé ènìyàn láìgba ìwé àṣẹ. Ní 2018, wọ́n sọ pé àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tí fóònù ènìyàn ti dé náà fẹ́ ìwé àṣẹ. Ní 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Alaska ní ọlọ́pàá tó bá fi kámẹ́rà afàjìnnàsúnmọ́ wo àyíká ilé ènìyàn láti inú bàlúù gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ìwé òfin Alaska nìkan nìyẹn dúró lé. Ní ti dróònù gan-an, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kò tíì fẹnu kò síbì kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òfin ìpínlẹ̀ àti ìlànà ìlú ló ń dáàbò bò yín báyìí.

Ṣadé_Akọ̀wé:
Ọ́fíìsì ìjọba ìlú kan ni mo ti ń tọ́jú ìwé (kì í ṣe ìlú yín o, Àǹtí), nítorí náà mo lè sọ bí ìwé ìbéèrè ará ìlú ṣe ń rí lójú wa. Tí ìwé bá dé tó ní "ẹ fún mi ní gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní lórí dróònù", abẹ́ òkìtì ló ń lọ. Kì í ṣe ìkà. Ẹni tó gbà á ò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ dárúkọ ìwé tẹ́ ẹ fẹ́. Ìlànà lílò, bó tilẹ̀ jẹ́ èyí tí wọn ò tíì parí. Ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ń tà á, torí inú rẹ̀ lẹ ó ti rí bóyá sáfà (kọ̀ǹpútà ìpamọ́) ilé iṣẹ́ náà ni fídíò yóò máa gbé àti ẹni tó ni ín. Ìwé àdéhùn èyíkéyìí tó jẹ́ kí ọlọ́pàá ìlú mìíràn tàbí àjọ ìjọba àpapọ̀ yá dróònù náà tàbí wo ohun tó ń yà. Àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ti àjọ mìíràn yìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni fídíò ti ń gba ẹ̀yìn jáde.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìwé tí wọ́n fi tọrọ owó ìrànwọ́. Ẹni tó ń tọrọ owó kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ fún un lówó. Mo ti rí i tí wọ́n kọ "wíwá ẹni tó sọnù" sójú ìkànnì fún ará ìlú, tí ìwé owó sì ń sọ̀rọ̀ nípa ṣíṣọ́ èrò níbi ìwọ́de.

Ní Minnesota, òfin ìpínlẹ̀ yín lórí dátà ìjọba ló ń ṣiṣẹ́ fún ìwé tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá ìlú. Àǹtí, ẹ sọ fún ọkọ yín pé wọn ò lè fi dandan mú yín láti sọ orúkọ yín tàbí ìdí tẹ́ ẹ fi ń bèèrè. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ wo ìwé náà lójú nìkan, láìgba ẹ̀dà, wọn ò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Àbẹ̀ní_Minnesota:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọkọ mi ń bèèrè pé kí ni ti ìjọba àpapọ̀? Ó ní ọlọ́pàá ìlú ò ba òun lẹ́rù tó àwọn aṣọ́bodè.

Àkànjí_Òfin:
Ìbéèrè gidi ni ọkọ yín bi. Àjọ aṣọ́bodè tí wọ́n ń pè ní CBP ní dróònù ńlá, Predator, irú èyí tí ológun ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn ò gbé ohun ìjà. Ní Minnesota yín níbẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2020, ọ̀kan nínú wọn fò yípo lókè Minneapolis nígbà ìwọ́de lórí ikú George Floyd, ọkùnrin tí ọlọ́pàá pa níbẹ̀. Ará ìlú tó ń tọpa bàlúù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ tú u síta, kì í ṣe ìjọba.

Bó ti máa ń rí nìyẹn. Ní 2012, Electronic Frontier Foundation, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú lórí ẹ̀rọ ìgbàlódé, ní láti pe FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, lẹ́jọ́ kí wọ́n tó mọ orúkọ àwọn ọ́fíìsì ìjọba tó ti gbàṣẹ láti fò dróònù. Lọ́dún kan náà, wọ́n pe ẹjọ́ mìíràn lórí CBP. Àkọsílẹ̀ tó jáde fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà ni CBP ti fò Predator fún àwọn àjọ mìíràn, títí kan ọlọ́pàá ìbílẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2013, Robert Mueller tó jẹ́ olórí FBI, àjọ tó ń wádìí ọ̀ràn fún ìjọba àpapọ̀, nígbà náà gbà níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ pé FBI ń lo dróònù nínú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ ló bi í ló fi dáhùn. Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú o: ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, Rand Paul ti ẹgbẹ́ Republican dúró sọ̀rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 13 nílé aṣòfin àgbà kí ìjọba tó dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ààrẹ lè fi dróònù pa ọmọ Amẹ́ríkà tí kò gbé ìjà, lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà? Ọjọ́ kejì ni ìdáhùn dé, pé rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ ìwé lọ́wọ́ CBP tàbí FBI, FOIA lẹ ó lò, òfin tó fún ènìyàn láyè láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin 1966 ni. Ẹnikẹ́ni ló lè lò ó, ọmọ onílẹ̀ tàbí àlejò. Ogún ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ní láti fèsì. Wákàtí 2 àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi wá ìwé àti ojú ìwé 100 àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò fi ṣòwò. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, ogún ọjọ́ yẹn máa ń di oṣù, oṣù a máa di ọdún. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ó kéré tán ọjọ́ 90 láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nínú àjọ náà. Ẹ má jẹ́ kó kọjá.

Awakọ̀_Òfurufú:
Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ní ìwé àṣẹ FAA, mo ń fi dróònù ya àwòrán òrùlé fún àwọn oníṣẹ́ ilé. Ẹ jẹ́ ká yọ ìbẹ̀rù tí kò yẹ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kámẹ́rà tó ń rí ooru kì í rí inú ilé gba ara ògiri kọjá. Ooru ojú ògiri ló ń rí, kódà gíláàsì fèrèsé ń dí i lójú. Dróònù kékeré kì í pẹ́ lókè ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ kí bátìrì tó sọ pé ó tó. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó ń kùn lókè ni ti ọlọ́pàá. Ẹni tó ń ta ilé wà níbẹ̀, ọmọdé tó ń ṣeré wà níbẹ̀, àwọn bíi tèmi náà wà níbẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wà lókè yín, láti oṣù kẹta 2024 ni FAA ti ń fìyà jẹ ẹni tí dróònù rẹ̀ kò bá polongo ara rẹ̀. Remote ID ni wọ́n ń pè é. Áàpù ọ̀fẹ́ wà tí ẹ lè gbé sórí fóònù, yóò fi nọ́ńbà dróònù, bó ṣe ga tó, àti ibi tí ẹni tó ń darí rẹ̀ dúró sí hàn yín. Orúkọ ẹni náà kò ní sí níbẹ̀, FAA ló ní ìyẹn lọ́wọ́. Bí ọlọ́pàá bá ní iṣẹ́ tí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí, wọ́n lè gba àyè kúrò nínú òfin yìí, nítorí náà bí áàpù ò bá fi nǹkan kan hàn, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìnbọn sí i. Bàlúù ni òfin àpapọ̀ kà á sí. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 20.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New Jersey ní ìparí 2024. Àwọn ènìyàn ń rí iná lókè lálaalẹ́. FBI gba ìròyìn tó ju 5,000 lọ, nǹkan bí 100 péré ló tó wádìí síwájú sí i. Ìjọba sọ ní oṣù kejìlá pé dróònù tó bófin mu ni, àti bàlúù, àti ìràwọ̀. Ó di ọjọ́ 28 oṣù kìíní 2025 kí ilé ìjọba ní Washington tó sọ pé FAA ló fàṣẹ sí púpọ̀ nínú wọn. Láàárín méjèèjì, kò sí irú àhesọ tí a kò gbọ́. Tèmi ni pé ìdákẹ́jẹ́ ìjọba ló da ìlú rú, kì í ṣe dróònù.

Tọ́lá_Baltimore:
Mo fẹ́ fi kún ohun tí Ṣadé sọ nípa owó, torí ìlú mi ló ti ṣẹlẹ̀. Ní 2016, bàlúù kan ń fò lókè Baltimore fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ń ya ìlú lápapọ̀ fún ọlọ́pàá. Awakọ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe dróònù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Ìgbìmọ̀ ìlú ò gbọ́. Báwo ló ṣe ṣeé ṣe? Owó olóore àdáni ni wọ́n fi ṣe é, kò gba inú ìṣúná ìlú kọjá, kò sì sẹ́ni tó ní láti gbé e síwájú ìgbìmọ̀. Oníròyìn ló tú u. Wọ́n tún padà wá ní 2020, ní gbangba lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ará ìlú pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Richmond sì dá a ní oṣù kẹfà 2021 pé ó tako òfin ìpìlẹ̀. Ìlú ti jáwọ́ nínú rẹ̀ nígbà yẹn.

Seattle náà wà níbẹ̀. Owó ìjọba àpapọ̀ ni ọlọ́pàá wọn fi ra dróònù méjì, ariwo ta, olórí ìlú sì fòpin sí i ní oṣù kejì 2013. Ẹ mọ ibi táwọn dróònù yẹn lọ? Wọ́n fún ọlọ́pàá Los Angeles lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2014. Ẹ bi tiyín pé bí ìlú bá yí ọkàn padà, níbo lẹ̀rọ náà ń lọ, pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀?

Àbẹ̀ní_Minnesota:
Tí wọ́n bá wá ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, àwọn ò lè fi àkọsílẹ̀ tàbí fídíò kankan hàn wá ńkọ́?

Ṣadé_Akọ̀wé:
Wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì dárúkọ ẹsẹ òfin tí wọ́n dúró lé. Bí apá kan ìwé bá jẹ́ àṣírí, kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú pa ibẹ̀ rẹ́, kí wọ́n fún yín níyòókù.

Chula Vista ní California ni ẹ lè tọ́ka sí. Láti 2018 ni ọlọ́pàá ibẹ̀ ti ń rán dróònù lọ síbi tí ènìyàn bá ti pè wọ́n. Oníròyìn kan bèèrè fídíò oṣù kan ní 2021, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti ìwádìí ọ̀ràn. Ní oṣù kejìlá 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní bẹ́ẹ̀ kọ́: kì í ṣe gbogbo fídíò dróònù ni ti ìwádìí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan ẹ̀ka. Ẹjọ́ California ò de Minnesota, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Nǹkan mìíràn ni pé ọlọ́pàá kan náà yẹn ń gbé ìrìn dróònù wọn sórí ìkànnì fún gbogbo ayé: ìgbà tó fò, ibi tó lọ, ìdí tó fi lọ. Bí àwọn lè ṣe é, ìlú kékeré tó ní méjì lè ṣe é.

Bàbá_Ìbejì:
Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ti owó tó ń gba ẹ̀yìn wọlé yẹn, mi ò fara mọ́ ọn, mo gbà fún yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀ní, má jẹ́ kí ìpàdé náà di ilé ẹjọ́. Bi wọ́n náà pé awakọ̀ mélòó ni wọ́n fẹ́ kọ́? Bí ọmọ bá sọnù lóru ọjọ́ Àìkú, ta ló wà nítòsí tó lè gbé e sókè? Ọ̀pọ̀ ìlú ló ń rà á, tí ẹnì kan ṣoṣo sì mọ̀ ọ́n fò, ẹni yẹn á sì lọ ìsinmi.

Tọ́lá_Baltimore:
Bàbá, ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi o. Àǹtí, ẹ fi kún tiyín.

Ṣadé_Akọ̀wé:
Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n máa ń fún ènìyàn níwájú maikirofóònù, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tí wọn yóò fún ní fídíò náà àti ọjọ́ tí wọn yóò pa á rẹ́. Ìyókù ẹ fi ránṣẹ́ ní í-meèlì kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, òfin yín ní kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ yín ò bá fẹ́ kí wọ́n rí yín, í-meèlì nìkan náà tó. Ẹ bẹ akọ̀wé ìgbìmọ̀ pé kó fi í sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí ẹ sì bèèrè ọjọ́ tí wọn yóò fèsì.